Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Láti Datsun Dé Micra

Lóṣù yìí, ìwé tó wọlé lórí Datsun àti Nissan pọ̀ ju ti gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹ dúró ní Ọlá-Ìyá, ní Òṣogbo, ní aago méje àárọ̀, kí ẹ máa ka takisí tó ń kọjá. Ẹ kò ní í ka mẹ́wàá tán tí Micra, ọkọ̀ kékeré Nissan, fi máa pọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n, àwọn tó sì ń fi wọ́n jẹun kò lówó tí wọn ó máa fi ṣòfò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníkì. Ìdí nìyẹn tí a fi fara balẹ̀ dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti àna mi. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ Datsun, ọ̀tọ̀ ni ti Nissan, pé Nissan ra Datsun nígbà tó kógbá sílé ni. Èmi ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ta ló jàre? (Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi àna yín ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ohun kan wà tó rí.

Ní 1911, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Hashimoto Masujiro dá ilé-iṣẹ́ Kwaishinsha sílẹ̀ ní Tokyo. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní 1914, ó mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn mẹ́ta tó tì í lẹ́yìn, Den, Aoyama àti Takeuchi, ó sì sọ ọkọ̀ náà ní DAT. Ní 1931, ọkọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé e, wọ́n sọ ọ́ ní Datson, ìyẹn ni pé ọmọ DAT ni. Ṣùgbọ́n létí àwọn ará Japan, “son” náà ni wọ́n ń pe òfò. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ni yóò fi òfò sọ ọjà tó fẹ́ tà? Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà sí Datsun, kí ìdí orúkọ náà lè jẹ́ oòrùn.

Láàárín àkókò yẹn, Aikawa Yoshisuke ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Nihon Sangyo, tí àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò máa ń gé kúrú sí Nissan. Ní oṣù kejìlá 1933, ó dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀ ní Yokohama, iṣẹ́ Datsun sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní 1934, ilé-iṣẹ́ náà di Nissan Motor. Láti ìgbà náà, Nissan ni bàbá, Datsun sì ni orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń kó lọ sí òkèèrè. Ohun tí àna yín rí ni pé ní 1981, Nissan kéde pé òun ń pa orúkọ Datsun tì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ títí dé 1986, tó fi jẹ́ pé Sunny, ọ̀kan lára ọkọ̀ wọn, lè ní orúkọ Datsun lẹ́yìn, kí èyí tó tẹ̀ lé e ní Nissan. Ẹni tó bá rí méjèèjì lójú títì lè rò pé ẹnì kan ra ẹnì kejì.

Orúkọ rere tí Datsun ní nílẹ̀ Áfíríkà kì í sì í ṣe ti ìpolówó lásán. Ìdíje Safari tí wọ́n máa ń sá nínú eruku àti ẹrẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Datsun gbà á ní 1970, 1971 àti 1973, ó sì tún gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra láti 1979 dé 1982. Shekhar Mehta, ọmọ ilẹ̀ Kenya tí wọ́n bí ní Uganda, ló wa ọkọ̀ ti 1973 àti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìkẹyìn yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa fi Datsun 120Y sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papò dà. Ọdún méje ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ kó tó dúró. Ṣé ó ṣeé jí? (Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé jí. Ẹ sáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì tuntun wá kó sì ṣáná sí i lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méje, ọ́ìlì tó wà lára sílíńdà ti ṣàn wálẹ̀ tán. Irin gbígbẹ ni ríìngì yóò máa ha, ìpata díẹ̀ tó bá sì wà níbẹ̀ yóò ya ojú sílíńdà. Bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kú nìyẹn.

Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún ṣíbí tíì kan, ẹ dà á sínú ihò plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé gíà sí àárín, ẹ fi sípánà sí bóòtù ńlá tó wà lórí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá yí po lẹ́ẹ̀mejì láìkọ́ níbì kan, ọkàn yín lè balẹ̀. Bó bá há, ẹ tún fi ọ́ìlì sí i, kí ẹ fún un lọ́jọ́ méjì sí i. Ẹ má fi agbára yí i.

Epo tó wà nínú táńkì ti bàjẹ́. Ẹ óò gbọ́ òórùn rẹ̀, ó máa ń dà bí ọ̀dà ìkunlé tó ti pẹ́. Ẹ fà á jáde pátá, kí ẹ fọ táńkì, kí ẹ pààrọ̀ fílítà epo àti gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Rọ́bà tó bá ya nígbà tí ẹ bá ká a kò ṣeé lò mọ́, nítorí orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni yóò máa jò sí. Ẹ tú kabúrétọ̀, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Ẹ má fi wáyà gún wọn: bí ihò náà bá fẹ̀ sí i, epo tí ọkọ̀ yóò máa jẹ kò ní í mọ níwọ̀n mọ́. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá ku iná. Ẹ́ńjìnnì A12 ló wà nínú 120Y, 1,171 cc, kò sì ní bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) kankan. Inú distributor, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ óò rí irin pẹlẹbẹ kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé bí ètè; kọ́ńtáàtì pọ́ìntì nìyẹn. Bí ojú wọn bá ti dúdú, ẹ fi sáńpépà tó kúnná gan-an pa á díẹ̀ títí yóò fi dán. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí pọ́ìntì yóò fi ṣí dé òpin, kí ẹ sì fi féélà géèjì, irin tínínrín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo rẹ̀: 0.45 sí 0.55 mílímítà. Féélà náà gbọ́dọ̀ ha díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á jáde. Bí àlàfo bá kéré jù, pọ́ìntì á jóná kíákíá; bó bá fẹ̀ jù, ọkọ̀ á máa kọ́ nígbà tó bá ń sáré. Bí iná ṣe ń tò tẹ̀ léra nínú sílíńdà rẹ̀ ni 1, 3, 4, 2. Nígbà tó bá jí tó sì gbóná dáadáa, kí wọ́n ṣí orí rẹ̀, kí wọ́n fi àlàfo fáàfù sí 0.35 mílímítà, èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń tú èéfín jáde bákan náà.

Ẹ má gbé e sójú ọ̀nà kí bíréèkì tó pé. Àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, omi bíréèkì àtijọ́ sì ti fa omi afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpata sì ti wọ inú sílíńdà bíréèkì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà, ti sílíńdà ọ̀gá àti ti ẹsẹ̀ táyà. Táyà ọlọ́dún méje kò ṣeé gbọ́kàn lé, bí ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀ dáadáa.

Ní ti ẹ̀yà ara, ẹ béèrè ti Vanette àtijọ́, C120. Irú ẹ́ńjìnnì A yìí náà ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké bíi pọ́ìntì sì lè bára mu. Ẹ mú ti àtijọ́ yín dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi méjèèjì wéra kí ẹ tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ: Micra ni mo fi ń ṣe takisí láti Old Garage sí Ìgbọ̀nà. Ó ń gbóná, ni mẹkáníkì bá yọ thermostat rẹ̀ dànù, ó ní ti ilẹ̀ òtútù ni. Ó rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní báyìí epo tó ń jẹ ti pọ̀ sí i, bí mo bá sì wọ sún-kẹẹrẹ, ó tún ń gbóná. Ẹ gbà mí. (Old Garage)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá, nítorí ohun tó ń pa Micra ní Òṣogbo ju ohunkóhun lọ nìyí, ẹ̀bi ọkọ̀ náà kọ́.

Thermostat, fáàfù kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí radiétọ̀, kì í ṣe ti òtútù nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, kó sì dúró níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù nígbà tí ẹ bá ń sáré, bréènì bọ́ọ̀sì á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa da epo kún un. Epo àjẹjù yẹn náà ló ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Ẹ dá thermostat padà. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ so ó mọ́ okùn, kí ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Kó ṣí kí omi náà tó hó, kó sì padé bí omi bá ń tutù. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Wàyí o, kí ló ń mú un gbóná gan-an? Ohun tí ẹ sọ nípa sún-kẹẹrẹ ni a dì mú. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná lórí ìdúró, tó sì ń rọlẹ̀ bó bá ń sáré, fáánù ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lórí ìrìn, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ fáánù. Lórí ìdúró, fáánù nìkan ló kù. Ẹ yọ wáyà fáánù, kí ẹ fún un ní iná bátìrì tààrà. Bí kò bá yí, tàbí tó ń yí bí ẹni tó ń sùn, mọ́tò rẹ̀ ti lọ. Bó bá yí dáadáa, rẹ́lè, fíúsì tàbí sẹ́ńsọ̀ ló níṣẹ́ láti ṣe, kí ẹ pe rẹwáyà. Oṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, tí mọ́tò tò láti Ìgbọ̀nà tí kò lọ tí kò bọ̀, ni fáánù tó rọ máa ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Bí fáánù bá dára, ẹ wo radiétọ̀. Ẹrẹ̀ àti kòkòrò máa ń dí i níta. Ẹ fi omi tí kò lágbára púpọ̀ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Inú rẹ̀ ńkọ́? Omi kànga àti omi bóòhòólù tí a ń dà sí i máa ń fi ẹfun sílẹ̀, ó sì máa ń pata. Bí omi tó bá jáde bá pupa bí omi osùn, inú rẹ̀ ti ń jẹ. Ìdérí radiétọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ohun àfojúdi: nǹkan bíi 0.9 bar ló yẹ kó dì mú, agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C bí ti orí ààrò, àfi bó bá tó nǹkan bíi 118. Sípíríǹgì rẹ̀ tó bá ti rọ, omi á máa hó, á sì máa dà nù. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí ẹ bá fẹ́ kún un, coolant, omi oògùn radiétọ̀, ni kí ẹ lò, ìlàjì rẹ̀ àti ìlàjì omi tó mọ́, àfi bí wọ́n bá ti pò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ yí híítà inú ọkọ̀ sí gbígbóná jù, kí ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún rọ́bà òkè, kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ ṣáná sí i, kí ẹ máa kún un bó ṣe ń lọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú rẹ̀ á tún mú ọkọ̀ gbóná, wọn á sì máa di ẹ̀bi ru ohun mìíràn.

Ohun kan tó kù tí a ń bẹ̀rù ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí radiétọ̀ kí ẹ ṣáná sí i. Bí ìfófòó bá ń jáde láìdáwọ́dúró, tàbí tí ọ́ìlì bá rí bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, gásíkẹ́ẹ̀tì ti já. Kí wọ́n fi rúlà irin wọn orí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Álúmínọ́ọ̀mù ni, ó máa ń tẹ̀ bó bá gbóná jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí radiétọ̀ gbígbóná láé. Ojú àti ọwọ́ ni ooru yẹn ń bó.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ ra Micra tókùnbọ̀ tí n óò máa gbé láti Ìlobù wá sí Òṣogbo. Wọ́n mú ọ́tò kan wá, ó mọ́ tónítóní. Kí ni kí n yẹ̀ wò? (Ìlobù)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀, mà. Mímọ́ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni K11, tó jáde ní Japan ní 1992. Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é fún àwọn ará Yúróòpù, ó sì gba ipò Ọkọ̀ Ọdún ilẹ̀ Yúróòpù ní 1993, ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba ipò náà. Nọ́ńbà ṣaasí rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi SJN bẹ̀rẹ̀, Sunderland ni. JN1, Japan ni. Ẹ óò sì rí K11 láàárín rẹ̀. Kó bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ìwé yẹn kì í ṣe ohun àfojúfò.

Ẹ wo bóyá wọ́n ti yí sítíárì rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba apá òsì ọ̀nà. Àwa náà ń gbà á tẹ́lẹ̀ kí a tó yí sí ọ̀tún ní 2 oṣù kẹrin 1972. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sítíárì rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì lè ní ojú àlẹ̀mọ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí irin gígùn kan tí wọ́n fi fa bíréèkì kọjá sí òdì kejì. Ìdánwò wa tó rọrùn jù nìyí: lálẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà kọjú sí ògiri ní mítà márùn-ún, kí ẹ tan iná ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé etí sókè lápá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ òsì ló gbé sókè, iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà níbẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ni yóò sì máa gún.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ iwájú rẹ̀. Irin ìdábùú tó wà lábẹ́ radiétọ̀ ni ibi tí ìpata ti máa ń jẹ K11 jù. Ẹ fi ìdí sukurudiráfà kàn án. Bó bá dún gbọnyingbọnyin bí irin, ó dára. Bó bá dún bí páálí, wọ́n ti fi ọ̀dà bo ihò mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn táyà pẹ̀lú.

Ní ti ọ́tò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ wá èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí gíà. Ọ́tò K11 kò dà bí ti ọkọ̀ mìíràn. CVT ni ọ̀pọ̀ wọn: bẹ́líìtì irin ló ń sáré láàárín púlì méjì, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì jẹ́ ti iná mànàmáná, tó ní lẹ́búlẹ́bú irin nínú. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ó ti ń lọ nìyẹn, ẹni tó lè tún un ṣe kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì kú nítorí pé wọ́n da ọ́ìlì gíà lásán sínú rẹ̀ dípò ti CVT. Bí ẹ bá takú pé ọ́tò lẹ fẹ́, ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí yóò fi gbóná, kí ẹ dúró lórí òkè, kí ẹ sì gbéra níbẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, kó tutù.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ló yẹ kí n pààrọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀tì Micra mi? Bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, ó máa ń dún kẹrẹkẹrẹ díẹ̀. (Alẹ́kúwodò)

ÌDÁHÙN: Kò ní bẹ́ẹ̀tì. Ṣéènì ló ní, ẹnikẹ́ni tó bá gbowó bẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín kò mọ ẹ́ńjìnnì náà, bóyá 998 cc ni o tàbí 1,275 cc. Agbára ọ́ìlì ló ń ti irin tó ń fa ṣéènì náà le. Bí ariwo náà bá dá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, kí ẹ máa wò ó. Bó bá ń bá a lọ, ṣéènì ti fà, kí wọ́n tú u kó tó fò.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n kàn ń bù kún un ni. Bíbù kún un kò mú ìdọ̀tí kúrò. Ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà lé díẹ̀ ní lítà 3, kò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń dúdú. Fún takisí, a ní kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà. Ẹni tó bá ń rin 150 kìlómítà lóòjọ́ yóò dé ibẹ̀ ní bí ọjọ́ 33.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní Datsun tuntun ti jáde. Ṣé kí n dúró dè é? (Ìkìrun)

ÌDÁHÙN: Ẹ má dúró. Nissan jí orúkọ náà padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2014 ní India, Indonesia, Russia àti South Africa. Lọ́dún yẹn kan náà, Global NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, gbá Datsun GO mọ́ ògiri ìdánwò, kò sì rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo gbà fún ààbò àgbàlagbà. Ní 2022, wọ́n tún dá a dúró.

ÌBÉÈRÈ: Micra mi máa ń kú lójú ọ̀nà bó bá ti gbóná. Bí mo bá dúró fún ogún ìṣẹ́jú, á tún jí. Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. (Ọ̀nà Ìwó)

ÌDÁHÙN: Ohun tó ń kú bó bá gbóná, tó ń jí bó bá tutù, ọ̀rọ̀ iná ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ẹ fi ìdí sukurudiráfà kan sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni ń kan ẹyin. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ́ tàbí tó kú, ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀ ti ya. Rẹwáyà tó mọ iṣẹ́ lè tún un jó, kí ẹ tó ná owó tuntun. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ ṣí distributor. Bí ẹ bá bá lẹ́búlẹ́bú pupa níbẹ̀, bíárìn rẹ̀ ti jẹ, ìpata rẹ̀ sì ń bo ojú sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì lẹ bá, rọ́bà ìdí rẹ̀ ló ń jò.

Bí méjèèjì bá mọ́, ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù epo. Inú táńkì ló wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Ẹni tó bá ń fi epo lítà méjì rìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń jẹ́ kí ó jóná nínú afẹ́fẹ́. Ẹ máa jẹ́ kí epo ju ìdámẹ́rin táńkì lọ nígbà gbogbo.